Orí Keje: Olùgbọ́ Márùn-ún

Bàtà náà ti wà lórí tábìlì kí Mopélọ́lá tó wọlé. Wọ́n tilẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ara rẹ̀: Mopélọ́lá Adégbọ̀rọ̀, ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó dúdú, ó ń dán, ó ga dé orúnkún, iná kékeré kan sì ń ṣẹ́jú nídìí rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń retí obìnrin náà láti àárọ̀.

“Ẹ jókòó, Mà,” ni Ọ̀gbẹ́ni Adékànḿbí wí, òṣìṣẹ́ tí Ilé-Iṣẹ́ Ìrìn rán wá. “Ẹ má wo ti bàtà yẹn. A kàn gbé e dání ni, bóyá a lè nílò rẹ̀.”

“Mo rí i pé ẹ ti kọ orúkọ mi sí i,” ni Mopélọ́lá dáhùn. “Ẹ mà kú ìgbáradì o.”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bí ọgbọ̀n èèyàn ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ọmọ Ẹgbẹ́ Asáré Ìdí-Àpáta, òórùn òróró tí wọ́n fi ra itan sì kún gbogbo ilé. Kò sí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún nínú wọn. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀. Lánàá, gbogbo wọn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn sá máràtọ́ọ̀nù, kìlómítà méjìlélógójì, nínú oòrùn tí àwọn ará ìlú tó kù ń tì fèrèsé mọ́. Lónìí, kò sí ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìkígbe nínú wọn, síbẹ̀ inú wọn ń dùn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Mopélọ́lá jókòó ti Bọ̀wálé oníbúrẹ́dì. Kò fẹ́ wo bàtà náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbọ́. Orúkọ tí ìjọba fún bàtà náà gùn, ó sì níyì, ṣùgbọ́n Rọra ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn. Rọra, Ìyá. Rọra, Bàbá. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá pé ọgọ́ta ọdún ni wọ́n máa ń dè é mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì dèèwọ̀ láti bọ́ ọ níta ilé ẹni títí ẹni náà yóò fi kú. Òótọ́ ni pé kì í jẹ́ kí àgbàlagbà ṣubú. Kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rìn nínú òjò. Nígbà tí ọmọ Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n Mopélọ́lá, bímọ, Rọra gbé Ìbíyẹmí dé ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gbé, ó ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga jù, ó sì dúró. Ìsàlẹ̀ yẹn ni Ìbíyẹmí ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Mopélọ́lá búra fún ara rẹ̀ pé òun yóò gba ìwé ẹsẹ̀.

Ìwé ẹsẹ̀ nìkan ló lè gba èèyàn lọ́wọ́ Rọra. Ẹni tó bá sá kìlómítà méjìlélógójì kó tó pé ọgọ́ta, láàárín wákàtí mẹ́fà, ló máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà kan, àwọn olówó máa ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ wọn tó ń ka àkókò eré ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kó bá wọn sá a, ẹ̀gbà náà kò sì mọ ọwọ́ tí òun wà. Òfin kò sì gbà kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ibi tí èèyàn ń lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹnu kún un. Ẹni tó bá sáré gbọ́dọ̀ wá ròyìn, láìwọ bàtà, níwájú àwọn Olùgbọ́, èèyàn márùn-ún tó mọ ohun tí eré náà ń fi ojú èèyàn rí. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, wọn yóò dìde. Márààrún ni. Bí ẹyọ kan bá jókòó, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé ni Mopélọ́lá yóò pé ọgọ́ta. Ọjọ́ Ajé sì nìyí.

Ìyá Ọlátóún tó jẹ́ àgbà nínú Olùgbọ́ kan tábìlì. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ìwé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ti gbó nínú àpò.

“Bọ̀wálé, bọ́ síwájú. Má fi ọ̀rọ̀ gùn, ebi ń pa wá.”

Bọ̀wálé jókòó sórí àga tó wà láàárín gbọ̀ngàn. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni, kò tíì nílò ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sáré tí kò fẹ́ ròyìn. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ìdí tí àwọn fi ń sáré nìyẹn.

“Ní kìlómítà kẹwàá, mò ń fọ́nnu,” ló bẹ̀rẹ̀. “Ní ogún, mo dákẹ́. Nígbà tó di ọgbọ̀n, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ti òsì dá mi lóhùn. Ti ọ̀tún ní òun ò mọ̀ mí rí.”

“Irọ́ ò sí níbẹ̀!” ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn.

“Ẹ jẹ́ n sọ ti afárá tuntun yẹn fún yín. Irin ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, oòrùn sì ti gbóná sí i láti àárọ̀. Ooru ń gba abẹ́ bàtà wọlé, ó ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń ti búrẹ́dì sínú ààrò. Àná ni mo tó mọ ohun tí ojú wọn ń rí.”

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé Sékínà nọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn Olùgbọ́, ń nu omijé ojú. “Ó sì ń mì!” ni Bọ̀wálé fi kún un. “Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, ó ń mì, mo rò pé òòyì ló ń kọ́ mi.” Àwọn márààrún dìde fún Bọ̀wálé. Kì í ṣe ìdìde kékeré. Wọ́n di àga mú, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n kérora, télọ̀ Gbádébọ̀ sì kọ́kọ́ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ kó tó rí ọ̀nà gbé ara rẹ̀ sókè.

Mopélọ́lá ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Bí Bọ̀wálé ṣe padà wá jókòó, Mopélọ́lá fẹnu kàn án létí. “Afárá wo lò ń sọ?”

“Èyí tó wà lẹ́yìn igi máńgòrò, Àǹtí. Ẹ̀yin náà mà gbà á kọjá. Wọ́n ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú eré, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbà gbogbo wa.”

Mopélọ́lá wo ọwọ́ rẹ̀. Àkísà tó fi di ẹ̀gbà náà lẹ́nu ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ògbólógbòó asáré máa ń ṣe ni. Ẹ̀gbà kì í sinmi ariwo: Ìyá, ẹ mí. Ìyá, ẹ dúró, àyà yín ń yára. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú eré ni Mopélọ́lá ti pa tirẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó mọ̀ pé wọ́n ń kọ́ afárá. Ó rò pé ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Ojú rẹ̀ wá là. Ní ìdí igi máńgòrò, ní kìlómítà kẹtàlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tùn-ún bó ti ń yà láti ogún ọdún wá. Kò wo ilẹ̀, kò wo àmì. Ó gba ọ̀nà àtijọ́, ó gun òkè tí àwọn asáré sọ ní Pe-Ìyá-Rẹ. Ó yà á lẹ́nu lánàá pé kò sẹ́ni tó ń ta omi níbẹ̀, kò sì gbúròó ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó rò pé gbogbo èèyàn ti fi òun sílẹ̀ lọ ni. Ẹkún yẹn ló ń sun tó fi dé orí òkè.

Kò sá eré tí gbogbo wọn sá.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a pète. Ta ló mọ̀? Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú ẹ̀gbà rẹ̀, ìyẹn sì dára. Bọ̀wálé ti fún un ní afárá tán: irin, ooru, mímì. Kó kàn fi ọ̀rọ̀ méjì lé e, kó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, kí wọ́n dìde. Ìrọ̀lẹ́ òní yóò bá a pẹ̀lú ìwé ẹsẹ̀ nínú àpò, yóò sì gun àtẹ̀gùn tó bá wù ú títí yóò fi kú.

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Láoyè.

Láoyè ni Olùgbọ́ karùn-ún. Kèké ló mú un lọ́dún yìí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ti sá eré náà rí lè gbọ́ ìròyìn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, Rọra sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, nítorí Mopélọ́lá. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Láoyè jókòó sórí àga yẹn kan náà, ó ròyìn bó ṣe gun Pe-Ìyá-Rẹ láìdúró. Ìròyìn rẹ̀ dùn. Èèyàn mẹ́rin dìde. Mopélọ́lá tó jẹ́ Olùgbọ́ nígbà yẹn kò dìde, nítorí ó ti rí i lọ́jọ́ eré bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́ olómi lórí òkè náà. Kò sọ̀rọ̀ kankan, ó kàn jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ju ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán lọ.

“Mopélọ́lá,” ni Ìyá Ọlátóún pè.

Ó bọ́ bàtà, ó lọ síwájú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti dúdú, wọ́n sì pariwo sí i láti fi yìn ín. Ó ròyìn bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ìrì ṣì ṣe wà lórí koríko, bí òun ṣe sáré tẹ̀lé ọkùnrin kan tí ń kọ orin tí kò mọ̀ ju ìlà kan lọ nínú rẹ̀, fún kìlómítà mẹ́sàn-án gbáko, títí òun fi bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ẹ̀rín ń sọ. Ó dé ìdí igi máńgòrò.

Ó gbójú sí àwọn Olùgbọ́.

“Mi ò gba orí afárá,” ló wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

“Ẹ ní kí ni, Mà?” ni Adékànḿbí bi í.

“Mo ti fi àkísà di ẹ̀gbà mi lẹ́nu, mi ò gbọ́ pé wọ́n ti yí ọ̀nà padà. Ọ̀nà àtijọ́ ni mo gbà. Pe-Ìyá-Rẹ ni mo gùn. Inú ilé yìí ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.”

Bọ̀wálé gbá orí mú. Adékànḿbí mí kanlẹ̀, àánú sì wà lójú rẹ̀, nítorí kì í ṣe èèyàn burúkú. “Mà, a ti ti ọ̀nà yẹn pa. Kò sí ẹni tó rí yín níbẹ̀. Mo rò pé…” Ó na ọwọ́ sí bàtà orí tábìlì.

“Gbọ́wọ́ ẹ kúrò lára nǹkan yẹn ná,” ni Ìyá Ọlátóún wí. “Ka òfin sétígbọ̀ọ́ wa.”

Ó kà á. Kìlómítà méjìlélógójì ó kéré tán, lórí ẹsẹ̀ ara ẹni, láàárín wákàtí mẹ́fà, kí èèyàn márùn-ún sì gbà á gbọ́. Ó tún un kà fúnra rẹ̀ láìpariwo.

“Ọ̀nà àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kìlómítà méjì gùn ju ti afárá lọ,” ni Tíṣà Oyèéwùmí wí. Òun náà wà lára àwọn Olùgbọ́.

“Bó bá jẹ́ pé ó gbà á lóòótọ́,” ni Adékànḿbí fèsì. “Ẹnu tiwọn nìkan la ní, Mà.”

“Kí ni ìròyìn tún jẹ́ tẹ́lẹ̀?” Ìyá Ọlátóún yíjú sí Mopélọ́lá. “Gun òkè náà fún wa. Má ṣe wá pa wá lẹ́rìn-ín o.”

Mopélọ́lá gbé ọwọ́ lé itan, ó sì gun òkè náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ ti àpáta àkọ́kọ́ tí omi ń sun lára rẹ̀, bó ṣe fi ahọ́n lá a nítorí kò sí olómi. Ó sọ ti ibi tí ọ̀nà ti dínkù, tí igi kan ti wó dí i, tó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ lòun fà gbà, ó sì ká aṣọ èjìká sókè kí wọ́n rí ibi tí èèpo igi náà ti bó o lára. Sékínà dìde díẹ̀, ó wò ó, ó tún jókòó. Ó sọ bí òun ṣe fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rá gòkè ní ibi tó ga jù.

“Òfin ní ẹsẹ̀,” ni Adékànḿbí wí.

“Ọwọ́ ara mi ni, Ọ̀gbẹ́ni. Mi ò yá a.”

Ẹ̀rín tó bú jáde kò pẹ́, nítorí Láoyè ti gbé ọwọ́ sókè.

“Mopé,” ló wí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. “Lórí òkè pátápátá, níbi tí kẹ̀kẹ́ olómi máa ń dúró sí. Kí lo bá níbẹ̀?”

Gbogbo wọn ló mọ ibi tó ń sọ. Àwọn kan wo ilẹ̀.

“Mi ò bá nǹkan kan, Bọ̀dá Láoyè. Ipa táyà nìkan ló kù, ẹrẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Mo dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ti kọ̀. Mo rántí yín.”

“Kí lo rántí nípa mi?”

“Mo rántí pé ibẹ̀ ni mo ti rí yín lọ́dún yẹn, mo sì jókòó nígbà tẹ́ ẹ ròyìn. Ohun tí mo rí ni mo jókòó lé, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí lánàá ju bó ti rẹ̀ mí rí láyé mi lọ. Ká ní kẹ̀kẹ́ yẹn wà níbẹ̀, ká ní wọ́n sì na ọwọ́ sí mi, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí níbẹ̀ ni mo ṣe sáré sọ̀ kalẹ̀.”

Láoyè wò ó. “Ká ní o sọ pé o gba orí afárá, gbogbo wa là bá ti dìde fún ọ.”

“Mo mọ̀, Bọ̀dá.”

“O mọ̀, o sì sọ èyí.”

“Ẹ̀yin lẹ jókòó síwájú mi. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ òmíràn?”

Ìyá Ọlátóún gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó sì ní kí ẹni tó bá gbà gbọ́ dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sékínà, tí ń ké “yéè” fún itan rẹ̀ bó ti ń gòkè. Tíṣà Oyèéwùmí dìde. Télọ̀ Gbádébọ̀ kúnlẹ̀ ná, ó dìde. Mẹ́rin ni wọ́n dúró.

Láoyè jókòó. Mopélọ́lá wo bàtà orí tábìlì, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé òun náà ti ṣe é fún un. Àṣé kì í ṣe pé ọkùnrin náà kọ̀. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé apá àga, ó ń ti ara rẹ̀ sókè, ara kò sì gbé.

“Rọra, Bàbá,” ni bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ wí. “Àkókò ìsinmi ọ̀sán ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó.”

Ó tún gbìyànjú. Bàtà náà di orúnkún rẹ̀ mú pinpin.

“Bàbá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” ni Adékànḿbí wí. “Bẹ́ ẹ bá fi ẹnu sọ pé ẹ gbà wọ́n gbọ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀.”

“A kì í fi ẹnu dìde,” ni Láoyè dáhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú ìdè ẹsẹ̀ òsì. Bàtà náà figbe ta. Ó tú ti ọ̀tún. Ariwo méjèèjì gba gbogbo ilé. Adékànḿbí ya ẹnu láti sọ òfin, ó wo ojú ọkùnrin náà, ó pa ẹnu dé, ó sì yíjú sí ògiri. Láoyè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ojúgun rẹ̀ ti rù, ó funfun bí ẹni tí kò rí oòrùn láti ọdún mẹ́ta, èyí sì rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ó tẹ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó di àga mú, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mopélọ́lá fò dìde láti lọ dì í mú.

“Má dì mí mú,” ni Láoyè wí. Ó jọ̀wọ́ àga náà, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé orí sókè. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Jẹ́ kí wọ́n kà mí. Èmi ni ìkarùn-ún.”